Ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé ìwádìí fún ọmọ mi tí kòkòrò wọ̀ léegun?

ÌBÉÈRÈ: Dọ́kítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́níyà ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, SS ni jẹ́nótáìpù ẹ̀. Ó ti tó oṣù 5 báyìí tí ojúgun ẹ̀ wú, ó bẹ́, ọyún ń jáde níbẹ̀, kò sì jinná. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n tọ́ka wa sí níbí n'Ìbàdàn ní kòkòrò ti wọ inú eegun, pé àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ láti kó eegun tó ti kú kúrò. Wọ́n wá gbé ìwé ojú ewé 11 fún mi pé àwọn ń ṣe ìwádìí: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn ọmọ kan á gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, àwọn yòókù á gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 1 péré, wọ́n á wá máa lo oògùn gbígbé mì títí ọ̀sẹ̀ 6 á fi pé. Kọ̀ǹpútà ló máa yan ibi tí ọmọ mi á bọ́ sí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì mú lára eegun ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n má tọwọ́ bọ nǹkan kan, pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ òun dánra wò ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Àti pé bàbá kan ń bá wa fi òrí àti ewé wọ́ ẹsẹ̀ náà, ṣé kí wọ́n ṣì máa wá ká tó dé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ọlọ́run á fún ọmọ yẹn lálàáfíà. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, èsì tèmi ni pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i tí wọ́n bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè tí mo máa sọ fún yín nísàlẹ̀ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìwé lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ àti ìyá ọkọ yín gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀, kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ gbọ́, kẹ́ ẹ wá padà lọ. Iṣẹ́ abẹ ní tiẹ̀ ò sí lára ìwádìí o, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìwádìí àbí ẹ ò fọwọ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn torí ìtọ́jú ọmọ ni, ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀ mọ́ra fún yín.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ yẹn, torí tí ìyẹn ò bá yé èèyàn, ìwé ojú ewé 11 náà ò ní yé e. Ẹ̀jẹ̀ SS máa ń dì mọ́ra nínú àwọn iṣan tíńtìntín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọnú eegun, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti dé á kú, kòkòrò tó bá wá ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò yẹn á ríbi jókòó sí. Kòkòrò yẹn lè jẹ́ Salmonella tó máa ń ti ìfun wá, òun àti èyí tó ń fa táífọ́ọ̀dù ìdílé kan náà ni wọ́n, ó sì lè jẹ́ Staphylococcus tó ń gbé lára awọ àti nínú imú àwa èèyàn. Ọyún á wá kún inú eegun, kò ríbi gbà jáde, á máa ti ara ẹ̀, á ṣí awọ tó bo eegun kúrò lára eegun, eegun tó wà níbẹ̀ á wá kú fin-ín. Tó bá sì ti kú, wàhálà dé nìyẹn, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn káàkiri ara, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé oògùn náà ò lè dé e. Kòkòrò náà á tún ta nǹkan yíyọ̀ kan bo ara ẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lára inú kẹ́ẹ̀gì omi téèyàn ò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tẹ́ ẹ bá ń da omi tó mọ́ sínú ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ibẹ̀ ló máa wà àfi kẹ́ ẹ fi nǹkan ha á.

Ìdí tí wọ́n fi ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ nìyẹn. Ní tíátà, eegun tó ti kú máa ń funfun, á gbẹ, kì í ṣẹ̀jẹ̀ rárá. Oníṣẹ́ abẹ á máa ha á díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ á ti máa yọ ní tótòtó lójú eegun, ibẹ̀ ló máa mọ̀ pé òun ti kan eegun tó ṣì wà láàyè, á sì dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń lo antibayótíìkì láti kẹ́míìsì kan sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù tí egbò ń jinná tó tún ń ṣí, ohun tó ń dà wọ́n láàmú nìyẹn, eegun òkú ṣì wà nísàlẹ̀, oògùn ò sì lè jí òkú.

Ó wá ku oògùn tí wọ́n máa lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwádìí yín wà. Ta ló ní kó jẹ́ abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6? Ìyá wa, fún ọ̀pọ̀ ọdún àwa dọ́kítà ń ṣe é bẹ́ẹ̀ torí pé bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀gá wa ṣe é, bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀gá tiwọn náà ṣe é. Ọkàn èèyàn kàn máa ń gbà pé ohun tó gba iṣan wọlé lágbára ju ohun tó gba ẹnu wọlé lọ. Kò sẹ́ni tó kà á wò kó rí i bóyá òótọ́ ni.

Ìgbà tó yá ni wọ́n kà á. Ní UK, àwọn dọ́kítà kan tí àwọn ará Oxford ṣáájú wọn kó èèyàn 1,054 jọ ní ilé ìwòsàn 26, gbogbo wọn ló ní kòkòrò nínú eegun tàbí oríkèé, wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì, àwọn kan gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, àwọn kan gbé oògùn mì, wọ́n sì tẹ̀lé wọn fún ọdún kan gbáko. OVIVA ni wọ́n ń pe ìwádìí yẹn, èsì ẹ̀ jáde ní 2019. Lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́, 14.6 nínú 100 ni ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́ fún, lára àwọn tó gbé oògùn mì, 13.2 nínú 100. Kò sí pé abẹ́rẹ́ ta ẹnikẹ́ni yọ. Kódà kánúlà tí wọ́n fi sí àwọn oníabẹ́rẹ́ lọ́wọ́ tàbí láyà fa wàhálà fún 9.4 nínú 100 wọn, àwọn tó ń gbé oògùn mì, 1 nínú 100 péré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ SS, tí wọ́n á gún ọ̀tún, wọ́n á gún òsì, wọ́n á tún lọ sẹ́sẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àmọ́ ẹ má tíì sọ pé ó ti yanjú nìyẹn, torí ìwádìí máa ń já èèyàn ní koro nígbà míì. Ní Faransé, ọ̀kan jáde ní 2015 lórí kòkòrò inú eegun ẹ̀yìn, èèyàn 351, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 6 wé ọ̀sẹ̀ 12, bákan náà ló rí, bíi 91 nínú 100 ló gbádùn lọ́tùn-ún lósì. Inú gbogbo èèyàn dùn, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 6 tó nìyẹn. Ní 2021 òmíràn tún jáde ní Faransé kan náà, èèyàn 410, oríkèé àtọwọ́dá tí kòkòrò wọ̀ ni tiwọn, ìgbáròkó àti orúnkún tí wọ́n ti pààrọ̀, wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ 6 wé 12. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ 6, kòkòrò ò lọ lára 18.1 nínú 100 wọn, àwọn tó lo ọ̀sẹ̀ 12, 9.4. Ìbéèrè kan náà, ibi tó wà lára ló yàtọ̀, èsì sì yí padà pátápátá. Ká ní wọ́n ti gbé èsì eegun ẹ̀yìn lọ lò fún orúnkún àtọwọ́dá láìṣèwádìí, àwọn èèyàn ni ò bá jìyà ẹ̀.

Ẹ wá wo ti ọmọ yín. OVIVA yẹn, àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ti àwọn ọmọdé ńkọ́? Ó wà, ní Finland, ọmọ 131 tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ eegun wọn, èsì ẹ̀ jáde ní 2010, abẹ́rẹ́ ọjọ́ 2 sí 4 péré ni wọ́n gbà, wọ́n wá ń gbé oògùn mì, àwọn kan lo gbogbo ẹ̀ fún ọjọ́ 20, àwọn kan fún ọjọ́ 30, àwọn ọlọ́jọ́ 20 ò sì burú ju àwọn ọlọ́jọ́ 30 lọ. Ó dáa gan-an ni. Ṣùgbọ́n àìsàn tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ yín ti ń ṣọyún fún oṣù 5. Staphylococcus ló wà lára ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, tí ọmọ yín sì lè jẹ́ Salmonella. Ọmọ SS ò sì pọ̀ ní Finland, ibí ló wà.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Cochrane, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láyé lórí ìtọ́jú kan jọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wá ìwádìí tó ṣẹ́ kèké lórí antibayótíìkì fún kòkòrò inú eegun lára àwọn tó ní SS. Nígbà tí wọ́n tún un wò ní 2019, wọn ò rí ẹyọ kan tí wọ́n lè lò. Ẹyọ kan o! Nàìjíríà ló ní ọmọ SS jù ní gbogbo ayé, oògùn tí a ń kọ fún wọn ní wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́, ọgbọ́n orí àti ohun tí a yá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò jọ tiwọn la fi ń kọ ọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó. Kì í ṣe pé n'Ìbàdàn níbí a ò mọ̀ nípa àìsàn yìí, ní 1980, Adeyokunnu àti Hendrickse kọ ìròyìn nípa ọmọ 63 tí Salmonella wọ eegun wọn, 57 nínú wọn ló jẹ́ SS, gbogbo ayé ló sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìròyìn àwọn ọmọ tó wá síwájú wọn nìyẹn, ó jẹ́ ká mọ irú kòkòrò tó ń bá àwọn ọmọ yìí jà, kò lè sọ fún wa bóyá ọmọ SS lè bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 kó máa gbé oògùn mì. Irú ìwádìí tí wọ́n gbé síwájú yín yẹn ló lè sọ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín. Ẹ má bínú sí wọn o, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ní ìdí. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn (meningitis) ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer lọ dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn, bí ọmọ 200 ni wọ́n kó sínú ìwádìí yẹn, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba abẹ́rẹ́ ceftriaxone, ọmọ 11 ló kú. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìwádìí ni, ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ò ṣe ohun tó lòdì, ẹjọ́ náà gùn títí di 2009 tí wọ́n fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba Kánò lórí 75 mílíọ̀nù dọ́là. Tí ìyá àgbà bá ní kí wọ́n má fi ọmọ òun dánra wò, wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀ rí ni.

Ohun tó yàtọ̀ báyìí ni pé ìwé òfin wà. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí ìlera jáde ní 2007, òfin ìlera ti 2014 náà sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi èèyàn ṣèwádìí láìjẹ́ pé wọ́n ṣàlàyé fún un tó sì fọwọ́ síwèé, tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni. Ìgbìmọ̀ ẹ́tíìkì, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, gbọ́dọ̀ ti ka gbogbo ètò ìwádìí yẹn kí wọ́n tó gba aláìsàn kan ṣoṣo wọlé, ìgbìmọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHREC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ẹ́tíìkì ìwádìí ìlera, ní Àbújá. Ní Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, ìgbìmọ̀ kan náà ló wà fún méjèèjì, àwọn ilé ìwòsàn míì ní tiwọn tàbí kí wọ́n lo ti ìjọba ìpínlẹ̀. Òfin ò ní kí gbogbo nǹkan lọ geerege o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó fún yín lágbára láti béèrè. Ẹ ṣí ìwé yẹn, wo ojú ewé àkọ́kọ́ tàbí ti ìgbẹ̀yìn, ẹ máa rí nọ́ńbà tí ìgbìmọ̀ fi fọwọ́ sí i, ọjọ́ tó máa kásẹ̀ nílẹ̀, àti fóònù ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ náà tí kì í ṣe dọ́kítà tó ń ṣe ìwádìí. Ẹ pe fóònù yẹn. Ẹ ní, "Ẹ káàsán, wọ́n gbé ìwé báyìí báyìí fún mi, ṣé ẹ mọ̀ nípa ẹ̀?" Tí kò bá sí nọ́ńbà, tí kò sí fóònù, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan.

Àti pé kò sí ọmọ kankan nínú ìwádìí tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn tí wọn ò ní fún lóògùn. Oògùn gidi ni abẹ́rẹ́, oògùn gidi sì ni èyí tí wọ́n á gbé mì, ọ̀nà tó ń gbà wọlé ló yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní ẹgbẹ́ kan á máa gba omi lásán, èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ sá.

Ọ̀pọ̀ òbí, kèké tí kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́ yẹn ló máa ń ká wọn lára jù. Wọ́n á ní, dọ́kítà, ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ yan èyí tó dáa fún ọmọ mi, kí ló kan kọ̀ǹpútà? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn ẹ̀ ni pé tí dọ́kítà bá ti mọ èyí tó dáa jù, ẹ̀ṣẹ̀ ni kó tún ṣe ìwádìí yẹn, ó yẹ kó kàn fún gbogbo ọmọ ni. Wọn ò tíì mọ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí wọ́n bá sì fi yíyàn sílẹ̀ fún dọ́kítà, àwọn ọmọ tí ara wọn le díẹ̀ ló máa fún lóògùn gbígbé mì, àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára á lọ síbi abẹ́rẹ́, ní ìparí wọ́n á ní oògùn gbígbé mì ló dáa jù, irọ́ sì ni, àwọn ọmọ tí wọ́n kó síbẹ̀ ni ara wọn ti yá tẹ́lẹ̀. Kèké ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé pé ẹ ò lè yan ibi tó wù yín. Tó bá jẹ́ pé ọkàn yín ò lè gba ọ̀kan nínú méjèèjì rárá, ẹ má wọ̀ ọ́, kò sí ìjà ńbẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá padà lọ, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ni owó. Ẹ má tijú. Ta ló ń san owó oògùn, ta ló ń san owó bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ tó bá bọ́ síbi abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, owó X-ray àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n á máa yẹ̀ wò, owó Mícrà láti Mọ́níyà dé ọ̀dọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá. Àwọn ìwádìí kan máa ń san gbogbo ẹ̀, àwọn kan á san ti àyẹ̀wò tó jẹ́ ti ìwádìí nìkan, ìyókù dọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, kì í ṣe ti ẹnu nọ́ọ̀sì.

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á tẹ̀lé ọmọ yín fún ìgbà tó pọ̀ tó. Kòkòrò inú eegun lè sinmi fún oṣù mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, kó tún jí. Ìwádìí tó bá ní oṣù 3 péré ni àwọn á fi wò ó, kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọdún kan ni OVIVA lò, ó kéré tán ó yẹ kí tiyín náà tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tún bi wọ́n pé tí egbò bá tún ṣí lẹ́yìn tí ìwádìí bá parí ńkọ́, ta la máa wá bá? Tí oògùn bá sì ṣe ọmọ mi ní nǹkan, ta ló máa tọ́jú ẹ̀, lówó ta ni? Ó yẹ kí èyí wà nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ojú ewé ẹ̀ hàn yín.

Ẹ̀jẹ̀ àti eegun tí wọ́n ní àwọn máa mú. Ti eegun yẹn, ìtọ́jú gidi ni, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Tí wọ́n bá kàn fi òwú nu ọyún tó ń jáde lójú egbò gbé lọ sí láàbù, kòkòrò tó ń gbé lára awọ ni wọ́n sábà máa rí, wọ́n á wá kọ oògùn fún kòkòrò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Eegun tí wọ́n mú láti inú lọ́hùn-ún ní tíátà ló ń sọ òótọ́, eegun tí wọ́n fẹ́ kó dànù ni wọ́n sì máa mú un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi lè ní kó dá antibayótíìkì dúró fún ìgbà díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí kòkòrò lè hù ní láàbù. Tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e, ẹ má yọ́ fún un ní Ampiclox nílé. Ti ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà lẹ́ẹ̀kan àti iye ìgbà, torí ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS ò pọ̀ lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n fẹ́ tọ́jú sáńpù pa mọ́ tàbí kó o lọ sókè òkun. Ìyẹn máa ń ní àpótí kékeré tiẹ̀ nínú ìwé, kẹ́ ẹ fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sì lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ ṣì wà nínú ìwádìí.

Ẹ lè jáde nígbàkígbà, lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sẹ̀ karùn-ún, láìsọ ìdí, wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ yí ìtọ́jú ọmọ padà tàbí kí wọ́n máa fojú burúkú wò yín ní kílíníìkì. Ẹ kàn jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ wá sọ fún wọn, kí wọ́n lè kọ oògùn tó kù fún un. Àwọn tó kàn dákẹ́ tí wọ́n ò wá mọ́ lọ̀rọ̀ wọn máa ń dùn mí jù, ọmọ á wá wà nílé láìsí oògùn kankan.

Ọmọ náà ńkọ́? Ọmọ ọdún 13 kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó yẹ kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n fi Yorùbá tàbí èyí tó bá gbọ́ ṣàlàyé fún un, kó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun gbà. Tó bá ní òun ò ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní, ṣé ó máa dùn mí, ṣé mo máa lè padà síléèwé kí wọ́n tó ṣèdánwò? Ẹ má sọ pé kò ní dùn ún.

Tó bá wá bọ́ sí ẹgbẹ́ oògùn gbígbé mì, iṣẹ́ yín ló pọ̀ jù o. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ló ń gún abẹ́rẹ́ tó sì ń fàmì sí i, nílé ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì. Ìgbà tí ara ọmọ bá ti yá díẹ̀ tí egbò gbẹ lọ́sẹ̀ kẹta ni wọ́n máa ń dá oògùn dúró, ìgbà yẹn gan-an sì ni kòkòrò tó kù nísàlẹ̀ máa ń dúpẹ́. Tó bá jẹ́ pé rifampicin wà lára oògùn ẹ̀, ìtọ̀ ẹ̀ á pọ́n, kódà omijé àti òógùn lè pọ́n, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, oògùn ni. Fólíìkì àsíìdì àti Paludrine tó ń lò fún SS, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ dání lọ fún wọn wò, kó máa lò ó lọ àfi tí wọ́n bá ní kó má lò ó. Àgbo náà, tó bá ń mu ún, ẹ sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fi pa mọ́ fún dọ́kítà torí kí wọ́n má baà jágbe mọ́ wọn, àmọ́ tí ẹ̀dọ̀ ọmọ bá wú láàárín ìwádìí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé àgbo wà ńbẹ̀, oògùn ni wọ́n máa dá lẹ́bi, wọ́n á sì gba oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá tó ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ kí wọ́n dúró báyìí. Eegun ojúgun tí kòkòrò ti jẹ, kò lágbára mọ́, wọ́n lè wọ́ ọ kó kán, iṣẹ́ abẹ kan á wá di mẹ́ta. Ewé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò náà ń kó kòkòrò míì wọlé. Omi tí ẹ sè tó ti tutù àti báńdéèjì tó mọ́ tó títí ẹ máa fi débẹ̀. Kó má fẹsẹ̀ yẹn gbá bọ́ọ̀lù, kó má fò, tó bá ń dùn ún láti tẹ̀ ẹ́, ẹ wá igi ìtilẹ̀ fún un.

Tí ara ẹ̀ bá gbóná janjan kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, tí orúnkún tàbí kókósẹ̀ ẹ̀ wú tí kò lè mì í, tàbí tí ìrora kan bẹ̀rẹ̀ níbòmíì lára ẹ̀ tí oògùn crisis tó máa ń lò ò sì gbé e, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Ẹ gbé e lọ sí ẹmájẹ́ńsì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oríkèé tí kòkòrò bá wọ̀ lè bà jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ kó X-ray àtijọ́ àti ìwé ìwádìí yẹn dání, kí dọ́kítà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé.